Ta Ni Yóò Gbé Iṣẹ́ Náà? Àríwísí lórí Ìlànà Ìbéèrè-Ọ̀nà AODV



Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́, òun náà ni mo sì fi jẹun kí n tó fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń wá bá mi pé kí n bá àwọn wá orúkọ Yorùbá fún nǹkan iṣẹ́ wọn. Èyí tí wọ́n béèrè jù ní ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ti àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí òpó kankan láàárín, tí àwọn tó ni wọ́n sì ń rìn kiri. Mobile ad hoc network ni wọ́n ń pè é, wọ́n gé e kúrú sí MANET. A ò lè sọ nǹkan lórúkọ láìkọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé ìlànà kan, tí mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń ka ìwé ìtàn.

RFC 3561 ni ìwé náà. Charles Perkins, Elizabeth Belding-Royer àti Samir Das ló kọ ọ́, ó sì jáde ní oṣù Keje ọdún 2003. AODV ni orúkọ ìlànà tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé yìí mọ ọ̀nà béèrè dáadáa, ṣùgbọ́n kò bìkítà bóyá ẹni tí a fẹ́ rán níṣẹ́ gbà láti lọ. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ èmi àti rẹ̀ wà, àti èmi pẹ̀lú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí tó tọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wá?

Tí mo bá wà ní Command níbí, tí mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Àyọ̀bọ́, ohùn mi kì í lọ tààrà. Òpó tó súnmọ́ mi ló máa gbà á, àwọn tó ni òpó ló sì máa wá ọ̀nà fún un. Fóònù tèmi ò mọ ọ̀nà kankan. Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí òpó bá dákẹ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n ti ìlà fóònù pa ní ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Ọmọ ò lè pe bàbá, aláìsàn ò lè pe dókítà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, àwọn báǹkì Nàìjíríà náà sì fara gbá nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè pé báwo ni èèyàn ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìsí òpó kì í ṣe eré ọmọdé.

Nínú MANET, fóònù kọ̀ọ̀kan ni òpó fún ẹnì kejì rẹ̀. Bí tèmi kò bá lè gbọ́ ti Àyọ̀bọ́, á gbé ọ̀rọ̀ náà fún fóònù ẹni tó wà nítòsí, tọ̀hún á gbé e fún òmíràn, títí tí yóò fi débẹ̀. Ó wá ku báwo la ṣe máa mọ ẹni tí a ó gbé e fún nígbà tí gbogbo èèyàn ń rìn. Èyí ni wọ́n ń pè ní routing. Ìtọ́nà ni mo pè é.

Ọ̀nà méjì gbòógì ni àwọn onímọ̀ ń gbà ṣe é. Àwọn kan ní kí olúkúlùkù ti mọ gbogbo ọ̀nà sílẹ̀ kó tó nílò rẹ̀, kí ìròyìn ọ̀nà máa lọ káàkiri nígbà gbogbo. Ẹ rò ó bí awakọ̀ tó ń gbọ́ Lagos Traffic Radio láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ì báà fẹ́ jáde, ì báà má fẹ́ jáde. OLSR, tí ìwé tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003 láti ọwọ́ Thomas Clausen àti Philippe Jacquet, wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Ọgbọ́n tó fi kún un ni pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń pariwo: fóònù kọ̀ọ̀kan á yan ìwọ̀nba aládùúgbò tí yóò máa ṣe akéde fún un.

Àwọn kejì ní rárá o, má da ara rẹ láàmú títí o fi ní ibi í lọ. Ọjọ́ tí o bá ní in, kí o béèrè. AODV wà níbẹ̀, DSR tí David Johnson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ òwe tó bá wọn mu: abéèrè kì í ṣìnà.

Ibi tí ó ti yẹ fún ìyìn

Ẹ jẹ́ n yìn ín kí n tó bá a wí. Fóònù tó ń wá ẹnì kan á ké sí gbogbo ẹni tó bá lè gbọ́ ọ: ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọ̀nà ilé lágbájá? Ẹni tí kò mọ̀ á tún ìbéèrè náà ké, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ lágbájá, ojú ẹsẹ̀ tó gbà wá ni èsì máa gbà padà, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sẹ́ni tó mọ odindi ọ̀nà. Olúkúlùkù kàn mọ ẹni tó kàn ni, ó sì tó.

Kì í fi ariwo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó wà ní ìgbésẹ̀ 1 péré ló máa kọ́kọ́ bi. Bí kò bá rí èsì, ó di 3, ó di 5, ó di 7. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa ké jákèjádò, tí ìwé náà sì fi ìgbésẹ̀ 35 ṣe ààlà. Bí ọmọlúàbí ṣe ń wá ilé onílé nìyẹn. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ là ń kọ́kọ́ kàn, a kì í bọ́ sójú títì ká máa lọgun.

Nọ́ńbà kan tún wà lára ìròyìn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bó ṣe tuntun tó. Bí ìròyìn méjì bá ta kora, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló borí. Perkins àti Pravin Bhagwat ti lo ọgbọ́n yìí nínú DSDV lọ́dún 1994, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa yí po lójú kan bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ìlànà náà ò sì kú sínú ìwé: àwọn ohun èlò inú ilé tó ń lo Zigbee ń wá ọ̀nà lọ́nà tó jọ tirẹ̀, orí rẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ètò ìtọ́nà inú 802.11s lé, èyí tí í ṣe ẹ̀yà Wi-Fi fún irú iṣẹ́ yìí.

Ohun tí etí mi gbọ́

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ní fóònù tó wà lójú ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ lè máa kí àwọn tó wà nítòsí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ìkejì. Hello ni wọ́n pe ìkíni náà. Bí ìkíni méjì bá pòórá, wọ́n á kà á sí pé aládùúgbò ti lọ, ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti já nìyẹn.

Mo fi ìkíni kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ jẹ́ n wí tẹnu mi. Ìkíni Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó ní "ẹ kú iṣẹ́" ti rí i pé ọwọ́ mi dí. Ẹni tó ní "ẹ kú ìrìn" ti rí i pé mò ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ẹni tó ní "ẹ kú ìnáwó" mọ̀ pé àpò mi ti gbẹ. Ipò tí onítọ̀hún wà la fi ń kí i. Hello inú AODV kò ní nǹkan kan nínú ju orúkọ ẹni tó kí ni, nọ́ńbà rẹ̀, àti iye àkókò tí ìkíni náà fi wúlò. Kò sọ pé bátìrì mi ti fẹ́ kú. Kò sọ pé mò ń lọ sí apá Ìyànà-Ìpájà, n ò ní pẹ́ kúrò níbí. Kò sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù lọ́rùn mi. "Mo wà ńbí" nìkan ló ń wí. Ẹni tó bá fi irú ìkíni bẹ́ẹ̀ yan ìránṣẹ́, ó dà bí ẹni tó rán aboyún tó fẹ́ bímọ lọ sọ́jà nítorí pé ó jẹ́ ìpè.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Ìwé náà gbà kí ẹni àárín dáhùn dípò lágbájá bó bá ti ní ọ̀nà tó tuntun tó lọ́wọ́. Ó dára, kò ní jẹ́ kí ìbéèrè rin ìrìn asán. Ṣùgbọ́n èdè wa ti kọ́ wa pé "mo mọ̀ ọ́n" yàtọ̀ sí "wọ́n ní". Èdè Tuyuca, tí wọ́n ń sọ ní Colombia àti Brazil, tilẹ̀ fi dandan lé e: ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ fi hàn bóyá ojú ẹ lo fi rí i tàbí wọ́n kàn sọ fún ẹ ni. Tiwa ò le tó yẹn, síbẹ̀ ọmọ tó bá sọ àgbọ́sọ bí ohun tó ṣojú rẹ̀, ìyá rẹ̀ á bi í pé ṣé ojú ẹ ló ṣe. Nínú AODV, èsì tó ti ọ̀dọ̀ lágbájá wá àti èsì àgbọ́sọ, ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Lóòótọ́, ẹni tó ń béèrè lè fi àmì sí i pé lágbájá nìkan ni kó dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi í síbẹ̀, kò ní mọ̀yàtọ̀.

Ojú ihò yìí sì ni ọ̀bàyéjẹ́ ń gbà wọlé. Fóònù kan á kàn pa irọ́ pé mo mọ ọ̀nà, á fi nọ́ńbà gíga gàgàrà tì í, gbogbo èèyàn á gbà pé ìròyìn tirẹ̀ ló tuntun jù, wọ́n á kó ẹrù wọn fún un, á sì dà á nù. Black hole, ihò dúdú, ni àwọn onímọ̀ ń pe ìwà yìí. Abéèrè kì í ṣìnà, àfi tó bá béèrè lọ́wọ́ òpùrọ́.

Ìrìn tí kò sẹ́ni tó ń rìn ín

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irú ìlànà báyìí ń ṣiṣẹ́? Lọ́dún 1998, Josh Broch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon gbé ìlànà mẹ́rin yẹ̀ wò nínú kọ̀ǹpútà: DSDV, TORA, DSR àti AODV. Iṣẹ́ takuntakun ni, wọ́n sì sọ gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe é láìfi nǹkan pamọ́. Ẹ̀rọ 50 ni wọ́n fi sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1,500, tó sì fẹ̀ ní mítà 300, fún ìṣẹ́jú-àáyá 900. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á yan ojú ibì kan lórí ilẹ̀ yẹn bó ṣe wù ú, á gbọ̀nà tààrà lọ síbẹ̀, á sinmi díẹ̀, á tún yan ibòmíràn. Eré tó ga jù ni mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé ilẹ̀ náà wá sọ́dọ̀ wa. Mítà 1,500 sí 300, abala ọ̀nà kan ní Command pẹ̀lú àwọn àdúgbò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ kìlómítà 72 ní wákàtí kan. Ta ló ń sa irú eré bẹ́ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa? Ta ló sì ń yan ibi tó ń lọ bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, tó ń gba inú ògiri àti gọ́tà kọjá tààrà? Láàárọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ́ lọ sí Ìyànà-Ìpájà tàbí Abúlé-Ẹ̀gbá kí wọ́n lè wọ ìgboro. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń wọ́ padà. Ní bọ́sítọ́ọ̀pù, fóònù á ṣù jọ débi pé ohùn á máa kọlu ohùn. Ní ọ̀sán, àdúgbò kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹnikẹ́ni níta, okùn á sì já níbẹ̀. Ìṣòro wa gan-an wà láàárín ìṣùjọ àti àìsí yìí, ìdánwò tó fọ́n èèyàn káàkiri bí àgbàdo kò lè rí i.

Kì í ṣe èmi nìkan ló rí àléébù náà. Lọ́dún 2003, Jungkeun Yoon, Mingyan Liu àti Brian Noble fi hàn pé eré àwọn ẹ̀rọ inú irú ìdánwò yìí ń lọ sílẹ̀ bí àkókò ṣe ń lọ, nítorí ẹ̀rọ tó bá yan ìrìn pẹ̀lẹ́ sí ọ̀nà jíjìn á há sínú ìrìn pẹ̀lẹ́ yẹn pẹ́ títí. Lọ́dún 2005, Stuart Kurkowski, Tracy Camp àti Michael Colagrosso yẹ àwọn àpilẹ̀kọ ìpàdé MobiHoc ti 2000 sí 2005 wò, wọ́n sì rí i pé èyí tí ẹlòmíràn lè tún ṣe láti inú ohun tí wọ́n kọ kò tó 15 nínú 100. Síbẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá tí àwọn ọmọ wa ń kó wá fún mi láti bá wọn wá orúkọ sí, ilẹ̀ onígun mẹ́rin yẹn náà ló wà níbẹ̀, ìrìn tẹ́tẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń rìn.

Ẹni tí wọ́n ń rán

Ó wá kan ẹjọ́ mi gan-an. Ọ̀rọ̀ tí mò ń fi ránṣẹ́ sí Àyọ̀bọ́, bátìrì àwọn ẹlòmíràn ló ń jẹ. Ìyá oníkòkó tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tó san owó kó tó rí fóònù rẹ̀ chájì, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ mi? RFC 3561 sọ ọ́ kedere pé ibi tí gbogbo ẹ̀rọ ti lè fọkàn tán ara wọn ni wọ́n ṣe ìlànà náà fún. Ó dáa tí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbo nìyẹn wà?

Ó wà ní bárékè. Owó àwọn ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò alápò-ìròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ DARPA. Láàárín sójà, ọ̀gá kan ló ń pàṣẹ, ìjọba ló ń ra bátìrì, ẹni tó bá kọ̀ láti jíṣẹ́ mọ ohun tó ń dúró dè é. Ẹ̀rín tiẹ̀ ń pa mí, torí Command ni àdúgbò mi ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ogun ni wọ́n gbé wá fún ará ọjà.

Àwọn àgbà tiwa ronú nípa ìránṣẹ́ gan-an. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ: wọ́n mọ̀ pé ẹni àárín ní làákàyè, ó lè tún iṣẹ́ ṣe, ó lè bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà kò sùn. Lọ́dún 2000, Sergio Marti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford dá ọgbọ́n ajá-ọdẹ: kí ẹni tó gbé ẹrù fún aládùúgbò dẹtí sílẹ̀ bóyá yóò gbé e lọ. Levente Buttyán àti Jean-Pierre Hubaux ní Lausanne dá owó kan tí wọ́n pè ní nuglet: bá mi gbé, kí o gba owó tí ìwọ náà yóò fi rán èèyàn lọ́la. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àáró rèé! Bá mi ro lónìí, kí n bá ọ ro lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àáró mọ̀ pé àwọn tó mọ ara wọn, tí oko wọn kò sì kúrò lójú kan, ló ń ṣe é. A kì í bá ẹni tó ń wọ dánfó kọjá lọ ṣe àáró.

Ibi tó ti ṣiṣẹ́

Ẹ wo ibi tí irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ti fìdí múlẹ̀. Freifunk ní Berlin: orí òrùlé ni àwọn ẹ̀rọ wà, àwọn tó ni wọ́n sì fínnúfíndọ̀ gbé wọn síbẹ̀. OLSR ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dàgbà jù ú lọ, wọ́n ṣe B.A.T.M.A.N. fúnra wọn. Peebles Valley ní Mpumalanga, Gúúsù Áfíríkà: ilé ìwòsàn kan pín íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì rẹ̀ kan àwọn tó yí i ká. Zenzeleni ní Mankosi, Eastern Cape, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012 pẹ̀lú àwọn ará Yunifásítì Western Cape: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará ìlú ló ni ín, wọ́n sì ń fi iná oòrùn tó ń gbé ẹ̀rọ náà ró chájì fóònù àwọn èèyàn.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ kò rìn, ẹgbẹ́ sì ti wà kí ìtọ́nà tó dé. Mankosi dáhùn ìbéèrè ìyá oníkòkó kí ó tó bi í: ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wa, àwa la máa chájì bátìrì rẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn ọmọ wa kò pọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ kọ iṣẹ́ lórí MANET jáde lọ ka èèyàn ní bọ́sítọ́ọ̀pù ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán, kó fi ìrìn yẹn dán ìlànà wò. Kó fi ipò bátìrì sínú ìkíni. Kó fi àmì "wọ́n ní" sára èsì ẹni àárín. Kó sì kọ orí kan lórí bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ṣe lè fi oòrùn àti ẹ̀rọ díẹ̀ sórí òrùlé, kí wọ́n sì dá owó àtúnṣe jọ bí àjọ.

Ní ti orúkọ, ẹ gba ìwọ̀nyí lọ́wọ́ mi ná: ìbéèrè-ọ̀nà, èsì-ọ̀nà, ìkéde ọ̀nà-já. Neighbour inú ìwé yẹn, ẹ má pè é ní aládùúgbò mọ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dé etí mi nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí náà alágbọ̀ọ́ ló yẹ ẹ́. Aládùúgbò ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju tèmi, ẹ kọ ọ́ wá, inú mi á dùn láti kà á.

Ire o.